Wọ́n ń ṣọ́ ikú proton, neutrino ló ń yọjú

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ parí gbígbẹ́ ihò Hyper-Kamiokande ní oṣù Keje ọdún 2025, yàrá tí wọ́n là sínú àpáta lábẹ́ òkè ní Kamioka, lórílẹ̀-èdè Japan, ga ní mítà 94, ó sì fẹ̀ ní mítà 69. Ẹni tó bá mọ Cocoa House ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, á lè fojú inú wò ó: mítà 105 ni ilé yẹn ga. Ká ní èèyàn lè gbé e wọ inú àpáta náà, orí rẹ̀ nìkan ni kò ní ríbi gbà. Omi ni wọ́n fẹ́ rọ sínú ihò yìí, omi tó mọ́ gaara, tọ́ọ̀nù 260,000. Tó bá kún tán, wọ́n á ti ibẹ̀ pa, ìmọ́lẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ wọlé mọ́, wọ́n á sì máa ṣọ́ òkùnkùn.

Kí ni wọ́n ń wá nínú omi tó ṣókùnkùn? Nǹkan méjì ni. Èkíní ń gba ara gbogbo wa kọjá láìdúró: ohun tíńtín kan tí wọ́n ń pè ní neutrino. Èyí tó ń ti inú oòrùn wá nìkan, nǹkan bíi bílíọ̀nù 65 ló ń gba orí èékánná kan kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àṣálẹ́ kò sì dá wọn dúró. Bí oòrùn bá wọ̀, wọ́n á gba òdìkejì ayé wọlé, wọ́n á la ilẹ̀ já, wọ́n á yọ lábẹ́ ibùsùn rẹ. Àpáta Olúmọ kò dí wọn lọ́wọ́, odindi ayé kò dí wọn lọ́wọ́. Nǹkan kejì ni ikú proton, ọ̀kan nínú àwọn ohun tíńtín tó wà nínú átọ́ọ̀mù; ikú rẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò tíì rí i rí.

Àwọn tó ń ronú irú ẹ̀rọ ńlá báyìí ní ìpàdé àgbáyé tiwọn. Lẹ́tà N mẹ́ta ni wọ́n fi ń pè é, NNN: N kan fún ìran ẹ̀rọ tó ń bọ̀, ọ̀kan fún nucleon tó ń kú, ọ̀kan fún neutrino. Nucleon ni orúkọ tí wọ́n fi kó proton àti neutron pọ̀, àwọn méjèèjì tó wà láàárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù. Stony Brook ní New York ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é lọ́dún 1999. Láti ìgbà náà ó ti dé Aussois ní ilẹ̀ Faransé, Hamamatsu ní Japan, Medellín ní Colombia. Àmọ́ kí ló da àwọn tó ń dúró de ikú proton pọ̀ mọ́ àwọn tó ń lé neutrino kiri? Lójú ẹni tó bá ń wò láti òkèèrè, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára tan. Ìtàn bí wọ́n ṣe di ará ilé kan náà ló ń ṣàlàyé ihò tí wọ́n ń gbẹ́ kiri lónìí, látorí Japan dé China dé Amẹ́ríkà.

Títí di àwọn ọdún 1970, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ físíìsì gbà ni pé proton kì í kú. Neutron tó bá dá wà kì í pẹ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni tirẹ̀. Proton kò mọ̀yẹn. Lọ́dún 1974, Howard Georgi àti Sheldon Glashow ní Harvard gbé àbá kan kalẹ̀ tó so mẹ́ta nínú agbára mẹ́rin tó ń darí ohun gbogbo mọ́ ìdí kan ṣoṣo. Àbá náà rẹwà, àmọ́ ó ní ohun tó gbé lẹ́yìn: bó bá jẹ́ òótọ́, proton náà á kú lọ́jọ́ kan. Yóò di positron, ìyẹn òdìkejì electron, àti ohun tíńtín kan tí wọ́n ń pè ní pion, pion náà á sì di ìmọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìṣirò ìgbà náà fi ọjọ́ orí proton sí iye ọdún tí a fi 1 àti nǹkan bí òdo 30 tàbí 31 kọ. Àgbáńlá ayé fúnra rẹ̀ kò tíì ju bílíọ̀nù 13.8 ọdún lọ.

Báwo lèèyàn ṣe ń dúró de irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ká sọ pé ẹgbẹ̀rún ọdún ni ìrókò kan ń lò kó tó wó. Ẹni tó bá tẹ́ ẹní sábẹ́ ìrókò kan ṣoṣo, tó ní òun ń dúró kó wó, ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ń fi ṣòfò. Àmọ́ bí igbó kan bá ní ìrókò 365,000, tí ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba, a jẹ́ pé bí a bá pín in kárí, igi kan á máa wó lójoojúmọ́. Nítorí náà, igbó ńlá lèèyàn ń wá. Omi ni igbó àwọn onímọ̀ físíìsì. Ó pọ̀, kò wọ́n, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, proton mẹ́wàá ló sì wà nínú ẹyọ omi kan tó kéré jù lọ.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ará Amẹ́ríkà kan gbẹ́ táǹkì sínú ibi tí wọ́n ti ń wa iyọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún Erie, ní Ohio, wọ́n rọ omi tọ́ọ̀nù 8,000 sí i, wọ́n pè é ní IMB. Ní Japan, Masatoshi Koshiba àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rọ tọ́ọ̀nù 3,000 sínú tiwọn ní Kamioka, níbi tí wọ́n ti ń wa síńkì, lọ́dún 1983. Kamiokande lorúkọ rẹ̀. NDE tó parí orúkọ náà, ìdánwò lórí ikú nucleon ló túmọ̀ sí.

Wọ́n dúró. Proton kankan kò kú. Ọdún ń gorí ọdún, àbá Georgi àti Glashow, bó ṣe wà ní ìrísí rẹ̀ tó rọrùn jù lọ, wó mọ́ wọn lójú. Ohun tó sì ń yọ wọ́n lẹ́nu jù ni neutrino. Ìtànṣán tó ń ti òfuurufú wá máa ń lu afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká, neutrino á bẹ́ jáde lára rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ lára wọn á sì lu omi inú táǹkì, wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ tó lè jọ ti proton tó ń kú. Èpò oko ni neutrino jẹ́ fún wọn nígbà yẹn. Iṣẹ́ wọn ni láti tu ú dànù.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1987, èpò yẹn ló so èso. Ìràwọ̀ kan tó bú gbàù ní ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Large Magellanic Cloud, lọ́nà jíjìn tí ìmọ́lẹ̀ ń fi ọdún tó lé ní 160,000 rìn, tú neutrino jáde, wọ́n sì kan ayé lára. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, Kamiokande rí 11, IMB rí 8. Ẹ̀rọ kan ní Baksan, ní Soviet ìgbà náà, rí 5. Neutrino 24 péré, kò kún ọwọ́, síbẹ̀ ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọmọ aráyé máa gbọ́ ohùn inú ìràwọ̀ bó ṣe ń wó. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Koshiba fẹ̀yìn tì. Ká ní ìràwọ̀ náà pẹ́ díẹ̀ sí i kí ó tó bú, ẹlòmíràn ni ì bá bá a lórí àga. Ẹ̀bùn Nobel kàn án lọ́dún 2002. Pakúté tó dẹ fún ọ̀yà, àgbọ̀nrín ló gbé e. Àwọn kan tilẹ̀ wá ń sọ pé N inú NDE yẹn, neutrino ló dúró fún.

Èpò náà tún so lẹ́ẹ̀kejì. Neutrino pín sí oríṣi mẹ́ta, wọ́n sì ń fi orúkọ ohun tíńtín tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá tan pè é: ti electron, ti muon àti ti tau. Nígbà tí wọ́n ń ka èyí tó ń ti òfuurufú wá kí wọ́n lè yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò, wọ́n rí i pé ti muon kò pé. Kamiokande ti ń fura. Super-Kamiokande, tó rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 1996 pẹ̀lú omi tọ́ọ̀nù 50,000, ló wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀: èyí tó ń ti òkè wá pé, èyí tó la ayé kọjá láti òdìkejì ló dín kù. Takaaki Kajita gbé e síwájú ìpàdé kan ní Takayama ní oṣù Kẹfà ọdún 1998. Àlàyé rẹ̀ ni pé neutrino ń pa ara dà lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ti wo egúngún onídán rí kò ní bá èyí jà: èyí tó wọlé lábẹ́ ẹní kọ́ lo máa rí tó bá jáde, ère lè wọlé kó jáde bí ọ̀nì. Neutrino muon gbéra, ó dé bíi tau, ẹ̀rọ náà kò sì dá a mọ̀. Ohun tí kò bá ní ìwúwo kò lè pa irú idán yẹn, nítorí náà neutrino ní ìwúwo, bó ti wù kó kéré tó.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ oòrùn náà fi yanjú. Láti àwọn ọdún 1960 ni Raymond Davis ti gbé táǹkì kan tó kún fún oògùn tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń fọ aṣọ láìlo omi sí ìsàlẹ̀ ibi ìwakùsà wúrà Homestake ní South Dakota. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta lára neutrino tó yẹ kó rí látinú oòrùn ló ń rí. Àwọn èèyàn rò pé ó ṣi ìṣirò ni. Kò ṣi í. Ẹ̀rọ SNO ní Sudbury, Canada, tó lo tọ́ọ̀nù 1,000 omi wíwúwo, fi hàn pé ìyókù ti yí aṣọ padà kí wọ́n tó dé. Davis pín Nobel ọdún 2002 pẹ̀lú Koshiba; Arthur McDonald tó darí SNO pín ti ọdún 2015 pẹ̀lú Kajita.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú táǹkì náà díẹ̀. Bí ọkọ̀ ojú omi bá ń sáré ju ìgbì lọ lórí ọ̀sà, ó máa ń fa ìlà ìgbì méjì sẹ́yìn bí ìrù. Nínú omi, ìmọ́lẹ̀ kì í sáré tó bó ṣe ń sáré lójú òfuurufú, nítorí náà ohun tíńtín tó ní iná lára lè yá jù ú lọ níbẹ̀, òun náà á sì fa ìrù tirẹ̀: ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi orúkọ Cherenkov pè. Ó máa ń lu ògiri táǹkì bí òrùka. Kí wọ́n lè rí i, wọ́n to gílóòbù gíláàsì ńlá sára ògiri láti ilẹ̀ dé òkè, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ìdajì mítà, ó ń dán bíi wúrà. Òdìkejì gílóòbù ilé wa ni: tiwa ń gba iná ó ń fúnni ní ìmọ́lẹ̀, tiwọn ń gba ìmọ́lẹ̀ ó ń fúnni ní iná. Super-Kamiokande ní ohun tó lé ní 11,000 irú rẹ̀. Wọ́n gbé e sí nǹkan bíi kìlómítà kan lábẹ́ òkè nítorí ìtànṣán òfuurufú tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù lókè. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìró abẹ́rẹ́ tó já bọ́ kì í jókòó sáàárín Ọjà Ọba.

Omi ibẹ̀ mọ́ débi pé mímọ́ rẹ̀ di ewu. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa ń sọ pé nígbà kan tí wọ́n fa omi náà gbẹ, sípánà kan tí ẹnì kan gbàgbé sí ìsàlẹ̀ ti yọ́ tán, àwòrán rẹ̀ nìkan ló kù. Omi tí kò ní nǹkan kan nínú, nǹkan ló ń wá jẹ.

Gílóòbù náà kò sì gbà á jẹ́jẹ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2001, wọ́n ń rọ omi padà lẹ́yìn àtúnṣe nígbà tí ọ̀kan fọ́ nísàlẹ̀. Òfo ni inú gílóòbù, afẹ́fẹ́ pàápàá kò sí níbẹ̀, nítorí náà omi ya wọ ibẹ̀ pẹ̀lú ipá, ìgbì rẹ̀ fọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn náà fọ́ tẹ̀yìn rẹ̀. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú pẹ́, nǹkan bí 7,000 ti lọ. Wọ́n kó èyí tó kù, wọ́n tún un tò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n fi ìbòrí wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ títí tí wọ́n fi rí gbogbo rẹ̀ rọ́pò lọ́dún 2006. Ní Hyper-Kamiokande, tí wọ́n ń retí pé kó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2028, nǹkan bí 20,000 ni wọ́n máa tò. Mo fẹ́ gbà pé kò sí ẹni tó máa gbàgbé ìbòrí.

Omi nìkan kọ́ ló wà lọ́jà. Àwọn ará Amẹ́ríkà yan argon, afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n mú tutù dé nǹkan bí 186 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius títí tó fi di olómi. Ẹ̀rọ DUNE tí wọ́n ń kọ́ wà ní Homestake kan náà tí Davis wà, ó jìn tó kìlómítà kan ààbọ̀. Wọ́n kó òkúta tọ́ọ̀nù 800,000 jáde kí wọ́n tó parí gbígbẹ́ rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2024. Ọpọ́n mẹ́rin ló wà nínú ètò, argon tọ́ọ̀nù 17,000 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjì ni wọ́n sì fẹ́ kọ́kọ́ ṣe. Owó rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Àwọn ará China ní tiwọn yan òróró kan tó máa ń tan ìmọ́lẹ̀ bí nǹkan bá kàn án. JUNO lorúkọ ẹ̀rọ wọn: tọ́ọ̀nù 20,000 nínú bọ́ọ̀lù kan tó mọ́ bíi gíláàsì, tó fẹ̀ ní mítà 35.4, ní mítà 700 lábẹ́ ilẹ̀ nítòsí Kaiping ní Guangdong. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Bí proton bá kú di positron àti pion, omi ló máa rí i dáadáa. Àmọ́ àwọn àbá kan tó wá lẹ́yìn ti Georgi àti Glashow sọ pé neutrino àti ohun tíńtín mìíràn tí wọ́n ń pè ní kaon ló máa dì. Kaon yẹn kì í sáré tó láti fa ìrù ìmọ́lẹ̀ nínú omi, nítorí náà ó lè kọjá mọ́ omi lójú, kó jẹ́ ọmọ tó bá bí nìkan ni omi máa rí. Argon máa rí ìlà rẹ̀ bí ẹni fà á pẹ̀lú bírò, òróró JUNO náà máa rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní owó orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣòfò lórí iṣẹ́ kan náà, ibi tó yẹ kó wò nìyí.

Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn dù lójú báyìí, ìwúwo neutrino ni. Ìwúwo mẹ́ta ló wà. Méjì nínú rẹ̀ sún mọ́ra gan-an bíi Táíwò àti Kẹ́hìndé, ẹ̀kẹta jìnnà sí wọn. Ohun tí kò sí ẹni tó tíì mọ̀ dájú ni bóyá ẹ̀kẹta yẹn jẹ́ ẹ̀gbọ́n àwọn ìbejì, tó wúwo jù wọ́n lọ, tàbí Ìdòwú tó tẹ̀ lé wọn. JUNO ń ka neutrino tó ń jáde láti àwọn iléeṣẹ́ amúnáwá núkílíà méjì, Yangjiang àti Taishan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ní nǹkan bíi kìlómítà 53 sí i, kó lè dáhùn. Ọdún bíi mélòó kan ni ìdáhùn yẹn máa gbà. Àmọ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, iṣẹ́ ọjọ́ 59 péré ti tó fún wọn láti wọn méjì nínú àwọn iye tó ń darí ìparadà neutrino lọ́nà tó péye ju àkópọ̀ gbogbo èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Japan àti Amẹ́ríkà ní ìbéèrè mìíràn lọ́wọ́ pẹ̀lú ìyẹn: ṣé neutrino àti òdìkejì rẹ̀ ń pa ara dà bákan náà? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ apá kan ìdí tí àgbáńlá ayé fi ní nǹkan nínú dípò òfo. Japan á máa ta neutrino láti Tokai gba inú ilẹ̀ dé Kamioka, kìlómítà 295. Amẹ́ríkà á máa ta tiwọn láti Fermilab nítòsí Chicago dé Homestake, kìlómítà 1,300. Kò sí ihò kankan tí wọ́n gbẹ́ fún un lójú ọ̀nà. Neutrino kò nílò rẹ̀. T2K ti Japan àti NOvA ti Amẹ́ríkà, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà báyìí, da àkójọ wọn pọ̀ sínú ìwé ìròyìn Nature ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Àpapọ̀ wọn kò tíì fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yìí balẹ̀.

Ilẹ̀ Áfíríkà wà nínú ìtàn yìí ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ. Neutrino òfuurufú, èpò tó di èso yẹn, inú ibi ìwakùsà wúrà East Rand nítòsí Johannesburg ni Frederick Reines àti Friedel Sellschop ti rí i lọ́dún 1965, ní ohun tó lé ní kìlómítà mẹ́ta nísàlẹ̀, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń rí tiwọn ní Kolar ní Íńdíà. Ọjọ́ 23 oṣù Kejì ni, ọjọ́ kan náà tí neutrino ìràwọ̀ yẹn dé ní ọdún 22 lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú ló fi òógùn gbẹ́ irú ihò bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Nínú ìtàn físíìsì, a kì í gbọ́ orúkọ wọn. Lónìí, yunifásítì Antananarivo ní Madagascar wà lára àwọn tó ń ṣe DUNE, ètò sì wà ní South Africa láti ṣí yàrá ìwádìí kan lábẹ́ òkè nítòsí Paarl, níbi tí ihò ọ̀nà mọ́tò Huguenot ti gba inú òkè kọjá. Ohun tó wù mí nínú èyí ni pé ọ̀nà mọ́tò ló ti gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà tán.

Proton ńkọ́? Super-Kamiokande ti ṣọ́ ọ fún ọdún tó lé ní ogún. Fún ọ̀nà positron àti pion, ohun tó rí ni pé ọjọ́ orí proton ju ìlọ́po méjì iye ọdún tí a fi 1 àti òdo 34 kọ. Ibi tí Hyper-Kamiokande yóò máa wò dáadáa tóbi ju ti Super-Kamiokande lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ. Bí igbó bá ti tó báyẹn, igi tó wó lè jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì láàárín ọdún mẹ́wàá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò sì ní tó ìṣẹ́jú àáyá kan rárá. Ẹyọ kan yẹn ni neutrino òfuurufú lè wá jí aṣọ rẹ̀ wọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ búra pé òun rí proton tó kú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ neutrino láti orí dé ẹsẹ̀. Ọ̀kan nínú ọ̀nà tí wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ ni pé neutrino tó bá lu omi sábà máa ń gbọn neutron dànù, proton tó bá kú kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2020, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da gadolinium, irú irin kan, sínú omi Super-Kamiokande, tọ́ọ̀nù 13 iyọ̀ rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, torí pé gadolinium máa ń hán neutron mú, á sì tan iná díẹ̀ láti fi sọ pé ó ti mú un.